Ogun Àgbọ́tẹ́lẹ̀ Láàárín Ọmọ Ìyá

Kò sí ìdílé Yorùbá kan tí kò mọ̀ pé okùn ọmọ ìyá yi, àti pé bí ọ̀ràn bá dójú ẹ̀ tán, ẹni tí a jọ mu ọmú kan náà dàgbà ni a kọ́kọ́ máa ń ké sí. Ìdí nìyí tí inú ẹbí fi máa ń dùn ṣìnkìn nígbà tí àwa oníṣègùn ẹ̀jẹ̀ bá kéde fún wọn pé ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bá ti aláìsàn mu, a sì lè gba sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀ láti fi ra ẹ̀mí ẹni tí jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ti gbé dè. Mo ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí tó láti mọ ohun tí í tẹ̀ lé ìkéde bẹ́ẹ̀: orin á ta, àdúrà á gba inú yàrá kan, wọn á sì máa kí ẹni tó fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tọrẹ bí ìgbà tí a ń kí ológun tó ti ojú ogun bọ̀. N kì í ba ayọ̀ wọn jẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ariwo bá rọlẹ̀, mo máa ń fà wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ kan, n ó sì là á mọ́lẹ̀ fún wọn pé ogun tí a ó jà gan-an kò tíì bẹ̀rẹ̀, àti pé inú ẹ̀bùn ọmọ ìyá yìí kan náà ni yóò ti wá. Àwọn àgbà kò purọ́ nígbà tí wọ́n ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani.

Ogun tí mò ń wí jẹ́ àrùn kan tí a mọ̀ sí GVHD láàárín àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ náà. Àpò sẹ́ẹ̀lì tí a gbà lára ọmọ ìyá kò mọ sórí àwọn ìpìlẹ̀ tí yóò di ẹ̀jẹ̀ tuntun nìkan. Àwọn sẹ́ẹ̀lì T, tí í ṣe jagunjagun inú ẹ̀jẹ̀, bá wọn wọlé pẹ̀lú idà lọ́wọ́. Bí wọ́n ti dé inú ara tuntun, wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọn kò rí ojú tí wọ́n mọ̀, ni wọ́n bá gbógun ti awọ, wọ́n gbógun ti ìfun, wọ́n gbógun ti ẹ̀dọ̀. Àlejò tí a fi omi tútù pàdé lẹ́nu ọ̀nà wá di ẹni tí ń lé onílé sóde. Èyí tó ń tètè dé nínú àrùn náà sábà máa ń yọjú láàárín 100 ọjọ́ àkọ́kọ́, a sì máa mú ara sú, a máa mú ìgbẹ́ gbuuru wá, a máa sọ ojú di pípọ́n bí ti ẹni tí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ń ṣe. Èyí tó ń pẹ́ dé a máa gbẹ omi ojú àti itọ́ ẹnu, awọ a le gbandi, oríkèé kò ní lè nà mọ́, èémí a sì kúrú títí tí àtẹ̀gùn ilé fúnra rẹ̀ yóò fi di òkè gíga. Lójú tèmi, èyí tó ń pẹ́ dé yìí ni ìkà jù, nítorí pé ẹni tó ti yọ lọ́wọ́ jẹjẹrẹ ni ó ń lọ bá, nígbà tí àwọn tó wá kí i kú ewu ti padà sí ilé wọn.

Ní 1966, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Rupert Billingham, là á kalẹ̀ pé nǹkan mẹ́ta gbọ́dọ̀ pé kí àrùn yìí tó lè jà: kí sẹ́ẹ̀lì tó mọ ogun jà wà nínú ohun tí a fi tọrẹ, kí àmì kan wà lára ẹni tó gbà á tí kò sí lára ẹni tó fi í sílẹ̀, kí ara ẹni tó gbà á má sì lágbára láti lé àlejò náà jáde. Títí di òní olónìí, kò sí ọ̀nà ìdènà kan tí a ń lò tí kì í ṣe ọ̀kan nínú mẹ́ta yẹn ni ó ń bá wí.

Àmì tó ṣe pàtàkì jù lọ ni àwọn tí a ń pè ní HLA, tí Jean Dausset ará Faransé kọ́kọ́ tú àṣírí wọn ní 1958. Ọmọ kọ̀ọ̀kan jogún ìdajì lára bàbá, ó jogún ìdajì lára ìyá, nítorí náà nínú ọmọ mẹ́rin tí bàbá kan àti ìyá kan bí, a lè retí pé ọ̀kan yóò bá aláìsàn mu délẹ̀délẹ̀. Ẹlòmíràn á bí ọmọ mẹ́fà kí ìkankan má bá a mu, ẹlòmíràn á ní àbúrò kan ṣoṣo, òun náà á sì bá a mu gẹ́gẹ́. Ọbàkan kò lè ju ìdajì lọ, àfi bí kádàrá bá ṣe é ní kàyéfì. Ibí yìí ni iṣẹ́ wa ti ń bá àṣà ilé wa pàdé, nítorí pé nígbà tí mo bá béèrè lọ́wọ́ bàbá àgbàlagbà kan bóyá ìyá kan náà ló bí òun àti àwọn tó dárúkọ, ojú a máa korò díẹ̀. Agbo ilé tí wọ́n ti tọ́ wọn dàgbà kò ka ọmọ ní ìdajì rí, ẹni tí ó bá sì ń ya ọmọ ìyá sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọ bàbá ni a ń pè ní onílé-dà-rú. Mo máa ń tọrọ gáfárà kí n tó béèrè, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ béèrè.

Síbẹ̀, bí HLA tilẹ̀ bára mu tán, Ọbàtálá, alámọ̀ rere, kò fi amọ̀ kan náà mọ ènìyàn méjì, àfi ìbejì tó ti inú ẹyin kan ṣoṣo wá. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àmì kéékèèké mìíràn ló wà lára tó yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n sí àbúrò, àwọn sẹ́ẹ̀lì T sì ní ojú láti rí wọn. Ara ọkùnrin ní àmì tí ara obìnrin kò ní, obìnrin tó sì ti lóyún ọmọkùnrin rí, àwọn jagunjagun inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè ti mọ àmì ọ̀hún láti inú oyún wá. Ìdí nìyí tí ẹ̀bùn ìyá ọlọ́mọ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin fi máa ń mú àrùn tó ń pẹ́ dé wá ju ẹ̀bùn àbúrò ọkùnrin lọ. Ìfẹ́ arábìnrin náà kò dín o. Ẹ̀jẹ̀ ni kò mọ ìfẹ́.

Nígbà tí oníṣègùn E. Donnall Thomas tẹ ìròyìn iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ lórí gbígbin mùdùnmúdùn eegun, ibi tí sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ń gbé, jáde ní 1957, iṣẹ́ tó wá fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1990, kò sí ẹni tó lérò pé ọjọ́ ń bọ̀ tí a ó máa ṣe é fún ẹni àádọ́rin ọdún. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tó bá ti lé ní 50 ni a máa ń dá padà sílé, nítorí pé oògùn àti ìtànṣán tí a fi ń fọ inú eegun mọ́ kí a tó fún un ní sẹ́ẹ̀lì tuntun le tó ohun tí í pa àgbàlagbà kí àrùn tó pa á. Nígbà tí ọdún 1990 sí 2000 ń lọ sópin ni àwọn oníṣègùn ní Seattle, ní Houston àti ní Jerúsálẹ́mù fi hàn pé a lè dín agbára ìfọ̀mọ́ yìí kù, kí a fi oògùn bíi fludarabine rọ ara lójú, kí a sì fi ìyókù iṣẹ́ sílẹ̀ fún àwọn sẹ́ẹ̀lì ọmọ ìyá láti ṣe. Ọ̀nà yìí ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn àgbà, àwọn gan-an tí jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ń bá jà jù.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí a ṣe. A dín oògùn kù, a sì gbé iṣẹ́ pípa jẹjẹrẹ lé àwọn jagunjagun kan náà tó lè yí idà padà sí awọ àti ìfun onílé lọ́wọ́. Bí a bá pa gbogbo wọn run, GVHD kò ní ṣe é, ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ á padà wá. Bí a bá sì fi gbogbo wọn sílẹ̀, jẹjẹrẹ lè lọ kí aláìsàn náà sì bá a lọ. Ẹni ọdún 25 lè ní GVHD líle, kí ó jẹ prednisolone, oògùn tí í rọ àwọn jagunjagun náà lójú, fún oṣù mẹ́fà, kí ó sì dìde rìn. Ẹni ọdún 68 tí a bá fi prednisolone sí lára fún oṣù mẹ́fà, ṣúgà á gun orí, eegun á di ẹlẹgẹ́, iṣan itan á yọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ní lè dìde lórí àga, àrùn mìíràn á sì máa wọlé láìkanlẹ̀kùn. Nítorí náà, lọ́dọ̀ àgbà, kì í ṣe bí a ó ti wo GVHD sàn ló ṣe kókó bí kò ṣe bí a kò ti ní jẹ́ kí ó ṣẹlẹ̀ rárá. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ẹbí kì í rò tẹ́lẹ̀: bí aláìsàn bá ti dàgbà, àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ náà ti dàgbà. Ẹ̀gbọ́n ti lé ní 70, àbúrò ti lé ní 60, ìfúnpá gíga ń yọ ọ̀kan lẹ́nu, ìtọ̀ ṣúgà ń bá èkejì jà, ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn nínú wọn sì ti ní àyípadà kéékèèké tí ọjọ́ orí ń mú wá, èyí tó yẹ kí a rò dáadáa kí a tó gbà á láti fi tọrẹ. Nígbà mìíràn, ọmọ bíbí inú aláìsàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdajì péré ló bá a mu, a máa sàn ju ẹ̀gbọ́n tó bá a mu délẹ̀ lọ. Fún àwọn aláwọ̀ funfun, ọ̀dọ́ tí wọn kò mọ̀ rí tún wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ àwọn olùtọrẹ. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2014 fi hàn pé nǹkan bí 75 nínú 100 wọn ni yóò rí ẹni tó bá wọn mu níbẹ̀, nígbà tí àwọn tó ti ilẹ̀ Áfíríkà wá kò tó 20 nínú 100. Fún àwa, ọmọ ìyá ṣì ni odi agbára, ì báà jẹ́ pé òkè òkun ni aláìsàn wà, tí ó sì jẹ́ pé ọkọ̀ òfurufú àti ìwé ìrìnnà ni yóò gbé ọmọ ìyá náà wá láti Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, tí ilé iṣẹ́ aṣojú ìjọba á sì máa fi ọjọ́ falẹ̀ bí ẹni pé àrùn náà lè dúró.

Bí a bá ti rí olùtọrẹ, ó ku oògùn tí a ó fi dènà GVHD. Ní 1986, oníṣègùn Rainer Storb àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Seattle fi hàn pé bí a bá pa oògùn cyclosporine pọ̀ mọ́ methotrexate díẹ̀díẹ̀ lọ́jọ́ kìn-ín-ní, ìkẹta, ìkẹfà àti ìkọkànlá, ó dára ju lílo ọ̀kan ṣoṣo lọ. Lẹ́yìn náà ni tacrolimus gba ipò cyclosporine ní ibi púpọ̀. Ó máa ń yà mí lẹ́nu pé inú erùpẹ̀ ni wọ́n ti rí àwọn oògùn méjèèjì, ọ̀kan nínú ilẹ̀ òkè Nọ́wè, èkejì nínú ilẹ̀ Tsukuba ní Japan ní 1984. Ilẹ̀ ògẹ́rẹ́, a-fọkọ́-yẹrí, tí í gbé òkú mì, òun kan náà ló tún pèsè ohun tí kò jẹ́ kí ó tètè gbé wa mì. Ìlànà 1986 yìí gba ẹ̀mí púpọ̀, òun sì ni a fi kọ́ wa níṣẹ́. Ṣùgbọ́n kò rọ̀ fún àgbà: methotrexate a máa bó ẹnu títí tí omi mímu fi máa di ìyà, kíndìnrín tó ti ń rẹ̀ kò sì lè tètè tì í jáde, bẹ́ẹ̀ ni àrùn tó ń pẹ́ dé ṣì ń mú ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́yìn gbogbo wàhálà náà.

Àwọn ará Yúróòpù gba ọ̀nà mìíràn, wọ́n lo ATG, oògùn tí wọ́n ń mú jáde láti inú ẹ̀jẹ̀ ehoro láti fi dín àwọn sẹ́ẹ̀lì T kù. Nicolaus Kröger ti Hamburg àti àwọn alájọṣe rẹ̀ dán an wò láàárín ọmọ ìyá gan-an, ìròyìn wọn sì jáde ní 2016: nínú 168 aláìsàn, àrùn tó ń pẹ́ dé mú nǹkan bí 32 nínú 100 àwọn tó gba ATG láàárín ọdún méjì, ó sì mú nǹkan bí 69 nínú 100 àwọn tí kò gbà á. Iye àwọn tó wà láàyè kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti rí ẹni tí awọ ara rẹ̀ ti le gbandi kò ní wí pé ìgbé ayé méjèèjì dọ́gba.

Èyí tó wá yí èrò mi padà ju gbogbo rẹ̀ lọ ni cyclophosphamide, oògùn àtijọ́ tí a ti ń lò fún jẹjẹrẹ láti 1959. Albert Owens àti George Santos ní ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní Baltimore ti rí i lára eku láti 1971 pé bí a bá fún ẹranko náà ní oògùn yìí lẹ́yìn tó ti gba sẹ́ẹ̀lì àjèjì, ogun náà a máa rọlẹ̀. Ó pẹ́ kí àwọn àrọ́mọdọ́mọ wọn nínú ìmọ̀, Leo Luznik, Ephraim Fuchs àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, tó fi ọ̀nà yìí ṣe iṣẹ́ fún àwọn tí ọmọ tàbí òbí wọn bá wọn mu ní ìdajì péré. Ohun tó fà mí mọ́ra níbẹ̀ ni ọgbọ́n àkókò rẹ̀. A kì í fún aláìsàn ní oògùn náà lọ́jọ́ tí sẹ́ẹ̀lì wọlé. A fi àwọn jagunjagun náà sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta kí àwọn tó kórìíra onílé láàárín wọn bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i, nítorí pé sẹ́ẹ̀lì tó ń pín ara rẹ̀ lọ́wọ́ ni oògùn yìí máa ń rí pa jù. Lọ́jọ́ kẹta àti ìkẹrin ni a ó wá sọ̀kò rẹ̀ lù wọ́n. Àwọn sẹ́ẹ̀lì T tó jókòó jẹ́ẹ́ kò fara gbá a púpọ̀, àwọn tí í máa ń pẹ̀tù sí ìjà láàárín wọn a máa yè é bọ́, àwọn ìpìlẹ̀ ẹ̀jẹ̀ sì ní èròjà kan nínú tó ń sọ oògùn náà di aláìlágbára. Ọjọ́ karùn-ún ni tacrolimus àti oògùn mìíràn tó ń jẹ́ mycophenolate tó máa ń bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n má baà pa ìbínú àwọn jagunjagun náà kí a tó mọ ẹni tí í ṣe ọ̀tá.

Láàárín ọjọ́ mẹ́ta yẹn, ara aláìsàn lè gbóná janjan, pàápàá bí ìbámu kò bá pé. Oníṣègùn tí kò tíì rí i rí á fẹ́ sáré fún un ní prednisolone. Kí ó dúró! Bí ó bá fún un, á rọ àwọn jagunjagun náà lójú, wọn kò ní pín, oògùn ọjọ́ kẹta kò sì ní rí wọn mú. Àyẹ̀wò kòkòrò àrùn àti oògùn apakòkòrò ni ká kọ́kọ́ sáré sí, ká sì fi sùúrù bójú tó ibà náà. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Fún ìgbà pípẹ́ ni a ń bi ara wa pé, ṣé ẹni tí ọmọ ìyá rẹ̀ bá a mu délẹ̀délẹ̀ nílò irú oògùn bẹ́ẹ̀? Èmi náà wà lára àwọn tó ń ṣiyèméjì. Ní 2023, ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà lórí 431 ènìyàn, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ àgbà tó gba ìfọ̀mọ́ fẹ́ẹ́rẹ́, fi cyclophosphamide wé ìlànà methotrexate: lẹ́yìn ọdún kan, nǹkan bí 53 nínú 100 àwọn tó gba cyclophosphamide ló wà láàyè láìní GVHD líle àti láìjẹ́ pé jẹjẹrẹ padà, nígbà tí ti àwọn yòókù jẹ́ 35. Àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn ló gba ẹ̀bùn ẹni tí kì í ṣe ẹbí. Ní 2025 ni àwọn oníṣègùn Australia àti New Zealand mú ìròyìn tiwọn wá lórí 134 ènìyàn tí ẹbí tó bá wọn mu tọrẹ fún: lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, irú àlàáfíà bẹ́ẹ̀ wà fún 49 nínú 100 àwọn tó gba cyclophosphamide pẹ̀lú cyclosporine, ó sì jẹ́ 14 péré fún àwọn tó gba ìlànà àtijọ́. Ọgbọ́n ọdúnnìí, wèrè ẹ̀míì. Láti ìgbà náà, bí àgbà bá jókòó níwájú mi tí ọmọ ìyá rẹ̀ fẹ́ tọrẹ fún un, cyclophosphamide ni mo kọ́kọ́ ń rò, ẹni tó bá sì fẹ́ kí n lo ti 1986 ni yóò sọ ìdí fún mi.

Oògùn náà ní ẹ̀gún tirẹ̀ o. Ó lè ba ọkàn jẹ́, nítorí náà ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti ń rọ̀ tẹ́lẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gbà á láìwò ó dáadáa. Ó lè bó inú àpò ìtọ̀, ìdí nìyí tí a fi ń fi omi púpọ̀ àti oògùn mesna ti aláìsàn lẹ́yìn. Ẹ̀jẹ̀ tuntun máa ń pẹ́ díẹ̀ kí ó tó hù, fáírọ́ọ̀sì sì máa ń rí àyè yọjú. Nítorí èyí ni àwọn kan fi ń dán ìdajì òṣùwọ̀n rẹ̀ wò fún àwọn àgbà, mo sì gbà pé ọ̀nà tó yẹ ni. Àǹfààní rẹ̀ mìíràn, tí àwọn ọlọ́rọ̀ kì í sọ, ni pé kò wọ́n. Ní Ìlú Benin, níbi tí wọ́n ti fi mùdùnmúdùn eegun ọmọ ìyá ṣiṣẹ́ fún ọmọdé kan tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ní 2011, àti ní ibikíbi mìíràn tí irú iṣẹ́ yìí bá ń gbòòrò sí ní Nàìjíríà, oògùn tí a lè rà ni oògùn tó wúlò.

Bí aláìsàn bá wá padà sílé, ọwọ́ ẹbí ni ìdènà kù sí. Tacrolimus ní ìwọ̀n tí kò gbọ́dọ̀ rékọjá nínú ẹ̀jẹ̀: bí ó bá kéré, àlejò á jí, bí ó bá pọ̀, kíndìnrín á pariwo, ọwọ́ á sì máa gbọ̀n. Oògùn tí a fi ń dènà olú inú ẹ̀dọ̀fóró lè gbé e sókè, èso grapefruit lè gbé e sókè, àgbo tí ẹ̀gbọ́n fi ìfẹ́ sè wá láti ilé sì lè ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. N kì í bú àgbo. Ohun tí mo máa ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí wọ́n fi ìgò náà hàn mí kí wọ́n tó bù ú mu. Oòrùn líle a máa ru GVHD ti awọ sókè, nítorí náà fìlà àti aṣọ tó bo apá kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán.

Láti mọ GVHD ti awọ, àwọn ìwé ìṣègùn á ní kí a máa wá awọ pípọ́n, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ kọ́ni. Lára ènìyàn dúdú, ó lè máà pọ́n rárá. Á dúdú sí i, tàbí kí ó rí bí eléèérú, á máa yún, á sì le díẹ̀ bí a bá fi ọwọ́ kàn án. Ẹ wo àtẹ́lẹwọ́, ẹ wo àtẹ́lẹsẹ̀, ẹ wo ẹ̀yìn etí àti ọrùn. Mo ti rí aláìsàn tí wọ́n dá padà sílé nítorí pé ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò kò rí pupa. Àìtètè mú olè, olè ń mú olóko. Bí ìyàwó tàbí ọmọ bá sọ pé awọ bàbá yàtọ̀ sí ti àná, mo máa ń gbà wọ́n gbọ́ ju ìwé lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí wọ́n bá pè wá ṣe àyẹ̀wò nítorí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín, ẹ lọ, ẹ má ṣe jáfara, ẹ sì sọ òtítọ́ nípa ìyá tó bí yín àti oyún tí ẹ ti ní. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé ẹ bá a mu, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ dókítà lójú kan náà ohun tó fẹ́ fi dènà GVHD, ìdí tó fi yan ìyẹn, àti ẹni tí yóò máa wo ìwọ̀n oògùn nínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí aláìsàn bá ti délé. Dókítà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú sí ìbéèrè náà. Bí ó bá bínú, ẹ wá ẹlòmíràn.